Móólù: ibi tí ìṣirò yín ti ń dàrú

Ẹ fi kakulétọ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ mú bírò, ẹ kọ Ca(OH)₂ sórí ìwé, kí ẹ ṣírò ìwúwo móólù kan rẹ̀, èyí tí ìwé ń pè ní molar mass. Ìwúwo átọ́ọ̀mù Ca (calcium) jẹ́ 40, ti O (oxygen) jẹ́ 16, ti H (hydrogen) jẹ́ 1. Mo ń dúró dè yín.

Ẹni tó rí 57, kò tiẹ̀ rí 2 yẹn rárá. Ẹni tó rí 58, H nìkan ló fún ní 2, torí pé H ló sún mọ́ ọn. 74 ni ìdáhùn. Nọ́ńbà tó bá wà lẹ́yìn àkámọ́, gbogbo ará inú àkámọ́ ló ni ín. Ẹ jẹ́ n pariwo ẹ̀: GBOGBO ARÁ INÚ ÀKÁMỌ́ LÓ NI ÍN! O méjì, H méjì: 40 + 32 + 2.

Ó dáa. Kí wá ni móólù gan-an? Iye ni, bíi iye átọ́ọ̀mù, kì í ṣe ìwúwo. Látọdún 2019, 6.02214076 × 10²³ géérégé ni wọ́n fi í sí. Nínú ìdánwò, 6.02 × 10²³ ti tó. Ọ̀kẹ́ ni mo fẹ́ràn láti fi í wé. Láyé owó ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan, 20,000 ẹyọ ni. Ẹyọ kéékèèké ń ti Maldives wá, ẹyọ tó tóbi jù ú lọ ń ti Zanzibar wá. Ẹ di ọ̀kẹ́ kan nínú èyí, ẹ di ọ̀kẹ́ kan nínú tọ̀hún, kí ẹ wá rù wọ́n wò. Iye wọn dọ́gba, àmọ́ ọrùn yín á sọ èyí tó wúwo fún yín. Bẹ́ẹ̀ náà ni móólù kan carbon ṣe jẹ́ gíráàmù 12, tí ti copper sì jẹ́ 63.5. Iye átọ́ọ̀mù kan náà ni o!

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ láàbù. Ẹ wọn Na₂CO₃ (sodium carbonate) gíráàmù 2.65, ẹ fi omi yọ́ ọ, ẹ dà á sínú fláàsìkì 250 cm³, kí ẹ bomi sí i títí dé ìlà. Ìwúwo móólù kan (Na jẹ́ 23, C jẹ́ 12): 46 + 12 + 48, ó di 106. Móólù mélòó lẹ wá ní? Ẹ fi 106 pín 2.65: 0.025.

Àwọn kan á yí i sódì, wọ́n á fi 2.65 pín 106, wọ́n á rí 40, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ láìṣẹ́jú! Háà! Móólù 40 Na₂CO₃ ju kílò mẹ́rin lọ. Inú fláàsìkì tí kò gbà ju ife omi kan lọ? Bí gíráàmù yín bá kéré sí ìwúwo móólù kan, ìdáhùn kò lè tó 1 láé.

250 cm³ jẹ́ 0.25 dm³. 0.025 ÷ 0.25 = 0.1 mol/dm³, ìyẹn móólù 0.1 nínú lítà kan. Ìyẹn ti parí.

Àmọ́ ṣé ẹ ka ara ìgò yẹn? Bó bá jẹ́ Na₂CO₃·10H₂O ló wà lára ẹ̀, wàhálà dé. Àmì tó-tó-tó (·) àárín yẹn KÌ Í ṢE ìlọ́po o, àròpọ̀ ni! Omi kan jẹ́ 18, mẹ́wàá jẹ́ 180: 106 + 180 = 286. Mo ti rí 19,080 nínú ìwé ìdánwò rí. Ìlọ́po ló bí i. Omi inú kírísítà náà ń wúwo lórí òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá wọn gíráàmù 2.65 nínú ẹ̀, móólù 0.0093 péré lẹ ní. Ẹ fa 25 cm³ rẹ̀, ẹ fi methyl orange (aró tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà nígbà tí ásíìdì bá tó) sí i: ásíìdì HCl 0.2 mol/dm³ tó yẹ kó lọ tó 25 cm³ á dúró ní nǹkan bíi 9. Ẹ má bá búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá tí ásíìdì ń kán jáde látinú ẹ̀, jà. Gíráàmù 7.15 ló yẹ kẹ́ ẹ wọ̀n, ìyẹn 0.025 × 286.

Kí kírísítà náà sì ṣì máa dán o. Tó bá ti ń di lẹ́búlẹ́bú funfun, omi ẹ̀ ti ń bá atẹ́gùn lọ: 286 kò bá a mu mọ́, 106 náà kò sì tíì bá a mu. Ẹ dá ìgò yẹn padà, kẹ́ ẹ wá òmíràn.