Bàtà Lẹ́nu Ọ̀nà: Àlejò ní Ilé Ìsìn Ẹlòmíràn

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn sọ nínú gbọ̀ngàn kan ní Àgbádárìgì lọ́sàn-án Sátidé nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọ ikọ́ àti ìkíni kúrò. Àwàdà ibẹ̀, mo fi í sílẹ̀, torí wọ́n ní òun gan-an làwọn fẹ́ kà.

Ẹ wo ẹsẹ̀ yín. Gbogbo wa la wọ bàtà wọlé. Ká ní mọ́sálásí nibí, bàtà á ti wà lóde. Ká ní Sẹ̀lẹ́ ni, bàtà á ti wà lóde. Ká ní ojúbọ ni, bàtà á ti wà lóde. Ká ní ṣọ́ọ̀ṣì àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì ni, ẹ lè wọ bàtà yín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ dé fìlà yẹn, ẹ máa ṣí i. Fìlà tẹ́ ẹ ṣí ní ṣọ́ọ̀ṣì náà lẹ máa wá dé tẹ́ ẹ bá ń lọ mọ́sálásí. Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí. Mo ní, ìgbàgbọ́ ẹni kì í sọnù nílé ìsìn ẹlòmíràn. Ìwà ló ń sọnù níbẹ̀.

Àti bàtà.

Tèmi sọnù. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń kọ́ni ń ṣe fìdáù ìyá rẹ̀. Bàtà aláwọ dúdú, olókùn, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni mo wọ̀ lọ. Mo bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí, mo tò ó ti tàwọn yòókù, mo wọlé, mo jókòó sẹ́yìn. Ìgbà tí mo ká ẹsẹ̀ mọ́ra tán ni mo rí i pé ìbọ̀sẹ̀ mi ti lu níbi àtàǹpàkò. Láti ilé ni mo ti ń ro ohun tí n ó ṣe bí wọ́n bá ṣàdúrà, bóyá kí n ṣe Àmín ni o, bóyá kí n dákẹ́ ni o. Kò sí èyí tó wúlò nínú gbogbo ọgbọ́n yẹn. Bí ààfáà ṣe ń ka Kùránì, èmi ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún bo tòsì. Nígbà tá a jáde, bàtà ti lọ. Sílípáàsì tí wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá ni ọ̀rẹ́ mi bá mi wá, ẹsẹ̀ kan búlúù, ẹsẹ̀ kan pupa, méjèèjì ṣì tutù. Bí mo ṣe wọ̀ ọ́ délé nìyẹn. Lọ́jọ́ Ìsinmi, àwọn kan nínú ìjọ wa ní, "Tíṣà, ṣé a ò sọ fún un yín?" Mo ní ẹni tó jí bàtà yẹn, n kò mọ ẹ̀sìn rẹ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀, èmi ọmọ Mẹ́tọ́díìsì náà sì wà nínú wọn. Kò pẹ́ sígbà náà ni agboòrùn mi sọnù ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa. Kò sẹ́ni tó ní òun ti sọ fún mi.

Ẹ jẹ́ n dúró sórí bàtà yìí díẹ̀ sí i. Alága ti ń wò mí, mo rí i, ṣùgbọ́n oókan àyà ọ̀rọ̀ nìyí. Ta la kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀ pé wọ́n ní kó bọ́ bàtà? Mósè ni. Ẹ́kísódù orí 3, ẹsẹ 5: bọ́ bàtà rẹ, ilẹ̀ mímọ́ lo dúró sí. Ẹ ṣí Kùránì, sura ogún, ẹsẹ kejìlá: Ànábì Mùsá, bọ́ bàtà rẹ méjèèjì, àfonífojì mímọ́ ni Tuwa tó o wà. Ìwé méjì ló ń sọ ìtàn ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ohun táwọn oníwàásù kì í sì í dúró lé lórí ni pé àlejò ni Mósè lọ́jọ́ yẹn. Ó ti sá kúrò ní Íjíbítì. Ilẹ̀ àwọn àna rẹ̀ ló wà, àgùntàn bàbá ìyàwó rẹ̀ ló ń dà, bàbá ìyàwó ọ̀hún sì jẹ́ àlùfáà Mídíánì. Ọmọ tó bí níbẹ̀, Gáṣómù ló sọ ọ́, torí ó ní àlejò lòun ní ilẹ̀ àjèjì. Àlejò ni wọ́n ní kó bọ́ bàtà. Onílé ti bọ́ tiẹ̀ tipẹ́.

Ẹ kúrò ní Mídíánì, ẹ padà sílé. Kò sí àlejò tó wá sí ìlú yìí tí kò ya fọ́tò níbi ìrántí igi Agia. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì bíi tèmi, gúnlẹ̀ síbí, abẹ́ igi yẹn la sì ní wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì nílẹ̀ Nàìjíríà. Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà dé ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, wọ́n sì ṣe Kérésìmesì níbí. (Àwọn ará Wàrri á ní àwọn ti ń bá àwọn Pọtogí lọ sí Máàsì kí Freeman tó dáyé. A gbọ́. Tiwọn ni tiwọn, tiwa ni tiwa.) Igi náà wó ní ọdún 1959. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí ni àwọn tó dúró yí i ká lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni Kìrìsìtẹ́nì. Àwọn tó ń bọ òrìṣà ilẹ̀ yìí náà wà níbẹ̀, wọ́n kúrò nílé wọn, wọ́n wá wo bí ẹlòmíràn ṣe ń sin Ọlọ́run rẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n gbọ́, wọ́n sì padà sílé wọn. Ká ní wọ́n ti ní kẹ́nikẹ́ni má súnmọ́ ìsìn àjèjì, ibo lẹ̀yin pásítọ̀ tẹ́ ẹ wà níbí ì bá wà?

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa fúnra rẹ̀ ti ń ṣe àlejò káàkiri. Ní 1845, ọdún kan náà tí wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìlú wa, ni Àjàyí Crowther dé síbí. Nígbà tí òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń yí Bíbélì sí Yorùbá, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀? Àdúrà, wàásù, àlùfáà, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni gbogbo wọn ti wá. Ẹbọ, ọ̀dọ̀ oníṣẹ̀ṣe. Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni kèfèrí. Ọ̀rọ̀ táwọn Mùsùlùmí fi ń pe ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí, àwa Kìrìsìtẹ́nì gbà á lọ́wọ́ wọn, a kọ ọ́ sínú Bíbélì, a wá ń fi pe ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n pè ní kèfèrí ló yá orúkọ yẹn lò.

Ó kù àwọn tí mo wá bá jà. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí.

Àwọn àkọ́kọ́ ni àwọn tó ń pariwo lórí rédíò pé bó o bá ti wọ ilé ìsìn ẹlẹ́sìn mìíràn, ẹ̀mí kan á tẹ̀ lé ọ délé. Mo bi wọ́n léèrè Náámánì. Ọ̀gágun Síríà ni. Ọlọ́run Ísírẹ́lì wò ó sàn, ó ní òun kò ní sin òmíràn mọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀bẹ̀ kan: bí ọ̀gá òun bá lọ sí ilé Rímónì, òrìṣà wọn, ọwọ́ òun ló máa ń fara tì, òun á sì tẹrí ba. Kí ni Èlíṣà wí? Ó ní, "Máa lọ ní àlàáfíà." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà tẹ́ ẹ ń gbé ọ̀gá lọ síbi ìsìn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, Náámánì ni yín. Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Ó rìn yí Áténì ká, ó wo gbogbo ojúbọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé èyí tí wọ́n kọ Ọlọ́run Àìmọ̀ sí. Ẹni tó di ojú kò lè ka àkọlé. Ní ti ẹ̀yin Mùsùlùmí, ìtàn sọ pé nígbà táwọn Kìrìsìtẹ́nì ìlú Najran wá bá Ànábì ní Mẹ̀dínà, inú mọ́sálásí rẹ̀ ló ti jẹ́ kí wọ́n ṣe ìsìn wọn. Wọ́n sì ń sọ ọ́ pé Kálífà Umar wọ Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù, àkókò ìrun tó, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ní kó kírun níbẹ̀, Umar kọ̀. Kì í ṣe pé ó bẹ̀rù ẹ̀mí kankan o. Ó ní bí òun bá kírun níbẹ̀, àwọn èèyàn òun lè torí ẹ̀ gba ilé náà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ó jáde síta, ó kírun níbẹ̀. Àlejò tó mọ ẹ̀tọ́ onílé nìyẹn.

Àwọn kejì ni ọ̀rẹ́ mi, àwọn tó ní ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀sìn. Wọ́n dára, wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn ló máa ń kọ́kọ́ fi bàtà tẹ ẹní. Bí ọ̀kan náà bá ni gbogbo rẹ̀, kí lẹ máa béèrè lẹ́nu ọ̀nà? Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tá a fi ń béèrè.

Mùsùlùmí kan tí mo mọ̀ dáadáa lọ síbi ìsìn òkú ní ìjọ Àgùdà. Àwọn èèyàn tò, òun náà tò. Ó rò pé ohun tí wọ́n ń pín ni wọ́n ń pín, bí a ṣe ń pín àkàrà níbi sààrà. Fádà gbé búrẹ́dì mímọ́, tí wọ́n ń pè ní ara Kristi, lé e lọ́wọ́, ó dúpẹ́, ó kó o sápò agbádá, ó ní ó di tọmọ òun nílé. Kátíkíìsì rí i. Ó sáré tẹ̀ lé e dé àárín ilé, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà." Òun náà ń dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé tí kò bá tó, kí wọ́n mú un, òun kò bínú. Gbogbo ìjọ ń wò wọ́n. Ta ló jẹ̀bi? Èmi ò ní í dá àlejò lẹ́bi. Àwọn márùn-ún ló dúró lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, wọ́n fún un ní ìwé ètò ìsìn, wọ́n bá a rẹ́rìn-ín, kò sí ẹnì kan tó sọ fún un pé bó bá dìgbà báyìí, ẹ jókòó. Àwa tiwa tún burú jù. Àwa la máa ń ní kí àlejò dìde, ká kọrin fún un, ká gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ká wá máa pè é títí oṣù á fi parí. Ẹni tó wá sin òkú ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni!

Níbí ni alága ti fi aago hàn mí. Ìwé mẹ́rin ló kù lọ́wọ́ mi, ìṣẹ́jú mẹ́rin náà ló fún mi. Mo sáré sọ ọ́ báyìí: ẹ wọ aṣọ tó bo ara. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ mú gèlè tàbí ìborùn dání. Bẹ́ ẹ bá ń lọ sí Sẹ̀lẹ́, tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tó wà nítòsí wa ní 1947, ẹ rántí pé obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù kì í wọlé, ẹ má bá wọn jiyàn lẹ́nu géètì. Ẹ pa fóònù. Bí igbá ọrẹ bá dé, kò sẹ́ni tó fipá mú yín. Bí wọ́n bá dìde, ẹ lè dìde. Bí wọ́n bá kúnlẹ̀, ẹ jókòó, ẹ tẹrí ba. Ẹ lọ pẹ̀lú ẹni tó mọ ibẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni àkókò gbà. Ìyá àgbà kan dìde lẹ́yìn, Ògù ni, àwọn tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara ju tàwọn ọmọ mi lọ. Ó ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ti lọ mọ́sálásí, ẹ ti lọ Sẹ̀lẹ́, ẹ ti lọ Àgùdà. Ojúbọ tẹ́ ẹ dárúkọ lẹ́ẹ̀kan péré níbẹ̀rẹ̀ yẹn, ìgbà wo lẹ dé ibẹ̀ kẹ́yìn?"

Mo fẹ́ fi àwàdà dáhùn, kò wá. Mo sọ òótọ́. Ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ni, mo kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ wo ojúbọ kan. Ọmọ kan fọwọ́ di imú nítorí òórùn epo pupa, àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Èmi tíṣà wọn yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má baà rí i pé èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ rí mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ń bá àlàyé rẹ̀ lọ. Mo ti fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ bàtà fún un yín, n kò lè rántí bóyá a bọ́ tiwa lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá náà kò bú mi. Ó ní, "Ẹ wá sọ́dọ̀ wa. Bẹ́ ẹ bá wá, oúnjẹ la máa gbé fún un yín. Ṣé ẹ máa jẹ ẹ́?"

Ààfáà tó jókòó níwájú pàtẹ́wọ́, ó ní, "Tíṣà, ẹ dáhùn o!" Mo ní kí òun náà múra, torí ọ̀rọ̀ náà kàn án. Àwa méjèèjì ti ń jẹun ara wa tipẹ́: ẹran Iléyá rẹ̀, ìrẹsì Kérésìmesì mi. Kùránì gbà á láyè láti jẹ oúnjẹ àwọn tí a fún ní Ìwé. Ṣùgbọ́n ẹran tí wọ́n bá dárúkọ ẹlòmíràn yàtọ̀ sí Ọlọ́hun pa, ó léèwọ̀ fún un. Pọ́ọ̀lù náà ní bẹ́nì kan bá sọ fún ọ pé wọ́n ti fi oúnjẹ yìí rúbọ, má jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa, àlejò tí kò fọwọ́ kan oúnjẹ onílé, a mọ ohun tó ń rò. Ìlànà àlejò tí mo ti ń pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, ibí ló ti há mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sọ fún ìyá pé n kò ní í jẹ ẹran ibẹ̀, pé mo ń sọ ọ́ fún wọn nísinsìnyí, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n má baà dáná lásán.

Ó ronú sí i. Ó ní, "Omi ńkọ́?"

Mo ní màá mu omi.

Ó ní, "Omi la máa ń kọ́kọ́ gbé fún àlejò. Ẹ wá lọ́jọ́bọ̀. Ẹ má wọ bàtà olókùn yẹn, a ò ní ẹni tó máa ṣọ́ ọ."