Ta Ló Mú Kọ́kọ́rọ́ Dání? Àhámọ́ àti Òmìnira nínú Ìwé Àwọn Obìnrin Mùsùlùmí

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó wà níkàlẹ̀, mo kí yín o.

Tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹlẹ́hàá, ohun tó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́kàn ni aṣọ dúdú àti ilẹ̀kùn títì. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí tó kọ ìwé mọ ògiri ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí inú rẹ̀ ni wọ́n ti wò ó. Ọ̀kan ni mo fẹ́ kí a jókòó tì pẹ́ lónìí, ìyẹn ìwé tí Mariama Bâ, ọmọ Dakar ní Senegal, fi èdè Faransé kọ, *Une si longue lettre* (Lẹ́tà Tó Gùn Tó Báyìí). 1979 ló jáde. Ní 1980 ó gba ẹ̀bùn Noma, tí wọ́n máa ń fún ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní Áfíríkà nígbà náà, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á. Ní 1981 Mariama Bâ kú, kò pẹ́ lórí oyè rárá.

Lẹ́tà ni ìwé náà látòkèdélẹ̀. Ramatoulaye tó ń kọ ọ́ sí Aissatou ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ tíṣà, ó ti bí ọmọ 12 fún Modou ọkọ rẹ̀ láàárín 30 ọdún. Modou kú lójijì, ìyàwó sì wọlé opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá tí Kùránì là sílẹ̀. Ẹni tó bá ń retí pé kó máa sunkún nítorí ògiri, ẹnu máa yà á. Obìnrin yìí sọ pé ògiri tó yí òun ká kò ni òun lára. Ìrántí ni òun ń bẹ̀rù, torí ó korò.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀. Àhámọ́ opó ní ọjọ́ tó máa parí. Nígbà tí àǹtí mi kan ṣe opó, àwọn ará àdúgbò bá a ka ọjọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún kí Modou tó kú ló ti fẹ́ Binetou, ọ̀rẹ́ Daba ọmọ rẹ̀. Kò lè sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lójú. Ó rán ìmáàmù, arákùnrin rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ sí i, kò sì padà wálé mọ́. Ta ló bá Ramatoulaye ka ọjọ́ tìyẹn? Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń tò láti sanwó iná, ó ń dá lọ sí sinimá, ojú sì ń tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó tì í mọ́lé. Síbẹ̀, níbẹ̀ ni mo ti rí àhámọ́ tó le jù nínú ìwé náà.

Ẹ wá wo ilé tó ti ń ṣe opó. Nínú ìlànà ogún, a máa ń tú ohun tí òkú ní síta kí a tó pín in. *Mirasse* ni ìwé náà pè é. Ìgbà tí wọ́n tú ti Modou ni àṣírí jáde pé owó báǹkì ló fi ra ilé fún Binetou, ilé Ramatoulaye ló sì fi dógò. Owó tí tọkọtaya jọ tù jọ ni wọ́n fi ra ilé yẹn, àmọ́ orúkọ Modou nìkan ló wà lórí ìwé ilé. Àṣé ògiri tó yí opó ká gan-an ti wà lọ́wọ́ báǹkì! Ohun tí Mariama Bâ wá ṣe nìyí tó wú mi lórí: Ramatoulaye ní bí ẹ̀sìn bá ní ká tú ẹrù òkú, òun á tú ìwà rẹ̀ náà. Òfin tó fi í sínú ilé ló fún un ní ẹnu.

Ní ọjọ́ ogójì, Tamsir arákùnrin Modou dé, ó ní òun máa fẹ́ ẹ tó bá ti jáde opó. Ẹ̀yin náà mọ ìṣúpó. Ohùn tó ti dákẹ́ fún 30 ọdún là gbàràmù: òun kì í ṣe ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn. Inú opó ló ti sọ ọ́.

Àwọn kan máa ń kà á pé Aissatou, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó kọ ọkọ tirẹ̀ sílẹ̀ tó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣojú Senegal ní Amẹ́ríkà, ni òmìnira, pé Ramatoulaye ni àhámọ́. Èmi kò gbà. Aissatou yìí ló ra mọ́tò Fiat fún un nígbà tó gbọ́ pé Ramatoulaye àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń du bọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù ọkọ̀ wíwà bà á, ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Òmìnira dé bíi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ọwọ́ ọ̀rẹ́ ló sì ti wá.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ní ògiri kì í pani o. Rokeya Sakhawat Hossain, ọmọ Bengal, kó ìtàn àwọn obìnrin inú àhámọ́ jọ sínú ìwé tó jáde ní 1931. Ọ̀kan nínú wọn ṣubú sójú irin rélùwéè pẹ̀lú aṣọ ìbora rẹ̀. Ìránṣẹ́bìnrin rẹ̀ kò jẹ́ kí ọkùnrin kankan fọwọ́ kàn án láti gbé e dìde, rélùwéè sì gun orí rẹ̀ kọjá. Mi ò lè ka ojú ìwé yẹn tán lẹ́ẹ̀kan. Ní 1905, Rokeya yìí kan náà ti kọ ìtàn ìlú kan tí àwọn ọkùnrin wà nínú ẹ̀há, tí àwọn obìnrin ń fi oòrùn ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń fò lójú ọ̀run.

Ní Sókótó, Nana Asma'u ọmọ Usman dan Fodio, tó gbé ayé láti 1793 sí 1864, gba ọ̀nà mìíràn. Èdè Fúlàní, Haúsá àti Lárúbáwá ló fi ń kéwì. Ó yan àwọn ìyá àgbà, *jaji*, ó fún wọn ní fìlà *malfa* tí wọ́n fi ewé hun, wọ́n sì ń gbé ewì náà wọ ilé lọ bá àwọn obìnrin tí kì í jáde. Ẹsẹ̀ ìyàwó kò kúrò nílé, ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ ń bọ̀.

Lẹ́tà Ramatoulaye ńkọ́? Ní òpin ìwé, ọ̀la ni Aissatou máa dé. Opó wa ń rò ó bóyá aṣọ òyìnbó ni yóò wọ̀ ni àbí aṣọ ilẹ̀ wọn tó gùn, bóyá yóò béèrè àga, tábìlì àti fọ́ọ̀kì. Lẹ́tà gígùn náà wà nínú ilé níbẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sí ti wà lọ́nà.