Wakanda Apá Kejì: Ṣé Owó Ló Máa Sọ Ẹni Tó Yẹ Kó Jọba?

Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin ará Kàbà, Ìyàrà, Mọ̀pà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Àríyànjiyàn kan wà tí kò tíì tán láàárín àwa tí a fẹ́ràn fíìmù àwọn akọni alágbára. Orí Black Panther apá kejì ni, èyí tí wọ́n pè ní Wakanda Forever, tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022. Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gẹrun lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó gbọ́ ọ. Ẹnì kan á ní fíìmù náà fìdí rẹmi, owó tó pa kò tó ti àkọ́kọ́. Ẹnì kejì á ní ohun tó fà á ni pé wọn ò wá ẹlòmíràn tó máa ṣe T'Challa, ọba Wakanda tó ń jẹ́ Black Panther, lẹ́yìn tí òṣèré tó ń ṣe é kú. Ẹnì kẹta á ní obìnrin tí wọ́n fi dípò ọba ló bà á jẹ́. Ariwo á ta, ẹni tí wọ́n ń gẹ irun fún á sì fẹ́ dìde lórí àga.

Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀: owó, àti ẹni tí wọ́n fún ní ipa. Èmi ò gbà pé ọ̀kan lè jẹ́rìí fún èkejì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣí ìwé owó.

Fíìmù àkọ́kọ́, ti ọdún 2018, pa nǹkan bíi bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 350 dọ́là kárí ayé. Mílíọ̀nù 700 nínú rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà àti Kánádà nìkan. Apá kejì pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 859 kárí ayé, 453 nínú rẹ̀ láti Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ohun tó dín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 490 dọ́là. Ó pọ̀, mi ò ní fọwọ́ bò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó ti dín. Ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, fíìmù àkọ́kọ́ pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 105 dọ́là. Láti ọdún 2019, ìjọba ibẹ̀ ò jẹ́ kí fíìmù kankan láti Marvel, ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù yìí, wọlé mọ́. Oṣù kejì ọdún 2023 ni wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn fún apá kejì, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti wò ó tán, ohun tó rí kó níbẹ̀ ò sì ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 lọ. Níbẹ̀ nìkan, mílíọ̀nù 90 ti lọ. Kò sí òṣèré kan tó lè ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ṣí. Kòrónà náà wà ńbẹ̀: ọ̀pọ̀ èèyàn ti jókòó sílé, wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń dúró kí fíìmù dé orí tẹlifíṣọ̀n. Nínú gbogbo fíìmù tó jáde lágbàáyé lọ́dún 2022, ipò kẹfà ni Wakanda Forever wà. Fíìmù tó gba ipò kẹfà ní gbogbo ayé, ẹ má pè é ní èyí tó fìdí rẹmi.

Àwọn tó ń bẹnu àtẹ́ lù ú ní ẹ̀rí kan tó dáa, wọn kì í sáàbà mú un jáde, ẹ jẹ́ kí n bá wọn mú un jáde. Nínú òwò sinimá, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ bí ara ṣe ń ta èèyàn tó. Òpin ọ̀sẹ̀ kejì ló ń sọ ohun tí àwọn tó ti wò ó ń sọ fún ará ilé wọn. Ní Amẹ́ríkà, fíìmù àkọ́kọ́ pa mílíọ̀nù 202 lọ́jọ́ mẹ́ta, ó sì rí nǹkan bíi 112 ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Apá kejì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílíọ̀nù 181, kò sí fíìmù kankan tó tíì fi irú owó bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kọkànlá rí. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kejì, ó já wálẹ̀ sí 67. Ohun tó já kúrò ju ìdajì lọ dáadáa. Ó jọ pé ọ̀pọ̀ ò padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Èrò tèmi ni pé fíìmù tó gùn tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì, tó fi ìsìnkú bẹ̀rẹ̀, tó tún pa ìyá lẹ́yìn tó ti sin ọmọ, èèyàn lè fẹ́ràn rẹ̀ gan-an kó má sì lè gbé e wò lẹ́ẹ̀mejì.

Kí a tún rántí pé mílíọ̀nù 859 yẹn kì í ṣe owó tó wọ àpò Disney, ilé iṣẹ́ tó ni Marvel. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ni. Àwọn onílé sinimá á mú tiwọn, ó sì máa ń súnmọ́ ìdajì. Inú èyí tó kù ni wọ́n ti máa yọ owó tí wọ́n fi ṣe fíìmù, tí wọ́n ń dá lé mílíọ̀nù 250, kí wọ́n tó kan owó ìpolówó tí kò sí nínú ìyẹn. Nítorí náà ni fíìmù olówó ńlá fi gbọ́dọ̀ pa ju ìlọ́po méjì owó rẹ̀ lọ kó tó mí. Èyí ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ìpín tiwa. Èkó ni wọ́n ti ṣe àfihàn rẹ̀ àkọ́kọ́ fún gbogbo Áfíríkà, nínú oṣù kọkànlá yẹn kan náà. Fíìmù yìí náà ló kọ́kọ́ pa bílíọ̀nù kan náírà nílé sinimá Nàìjíríà. Mo rántí bí inú wa ṣe dùn sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nǹkan bíi 460 náírà ni dọ́là kan lójú ìjọba. Bílíọ̀nù kan náírà á jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì dọ́là àti díẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún kan dọ́là tí fíìmù náà pa, tiwa ò pé mẹ́ta. Tí a bá wá ń fi ariwo gbogbo sọ pé fíìmù náà jèrè tàbí kò jèrè nítorí ohun tí ọkàn wa fẹ́, a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ọkàn wa ò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìṣírò yẹn. Nígbà tó sì fi di ìparí ọdún 2023, Fúnkẹ́ Akíndélé gbé A Tribe Called Judah jáde, òun náà kọjá bílíọ̀nù kan, fíìmù Nollywood àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Àwọn kan ń fi méjèèjì wé ara wọn bí ẹni pé òṣùwọ̀n kan náà ni. Kì í ṣe òṣùwọ̀n kan náà. Láàárín wọn, náírà ti já, owó tíkẹ́ẹ̀tì ti gòkè. Iye èèyàn tó jókòó ló yẹ ká kà, a kì í sì í sábà rí i kà.

Àwa tí a wà ní ilẹ̀ Òkun, ní ìpínlẹ̀ Kogí, ńkọ́? Ẹ wo bí fíìmù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ wa. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ti kó o sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ ó yọ mẹ́mọ́rì káàdì lẹ́yìn fóònù yín, á fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀, á kì í bọ ihò ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ti fi sẹlotéèpù dè, á bi yín pé fíìmù mélòó. Ìlà aláwọ̀ ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo yín á máa gbàdúrà kí iná má lọ. Nígbà tí ẹ bá wò ó lálẹ́, orí ẹnì kan á dìde kọjá níwájú Shuri, àbúrò T'Challa, torí inú sinimá ni ẹnì kan ti fi kámẹ́rà jí i gbà. Kò sí ìkankan nínú ojú wọ̀nyẹn tó wọ inú mílíọ̀nù 859.

Mi ò sọ ọ́ láti bú ẹnikẹ́ni, torí tí sinimá bá jìnnà, ibi tí ọwọ́ tó ni èèyàn ń wò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Yorùbá ti san owó ìwà yìí rí. Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá tí gbogbo wa mọ̀, fi owó ńlá ṣe Ọ̀run Mooru ní 1982. Àwọn olè jí ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ń tà á lórí fídíò, gbèsè sì wọ bàbá lọ́rùn. Tí ẹnì kan bá fi iye owó tó wọlé díwọ̀n bí àwọn èèyàn ṣe fẹ́ràn fíìmù yẹn, irọ́ ló máa pa.

Bàbá Sàlá náà ló mú mi wọ ọ̀rọ̀ kejì. Nígbà tó kú ní 2018, ta ni ẹ rò pé wọn ì bá fi ṣe Bàbá Sàlá tuntun? Jígí ojú rẹ̀ tó tóbi, táì ńlá ọrùn rẹ̀, èèyàn lè rà wọ́n lọ́jà. Ẹni tó wọ̀ wọ́n gan-an ni kò sí mọ́.

Chadwick Boseman, tó ṣe T'Challa nínú fíìmù àkọ́kọ́, kú ní ọjọ́ 28, oṣù kẹjọ, ọdún 2020, ẹni ọdún 43. Jẹjẹrẹ ìfun ni. Láti 2016 ló ti mọ̀, kò jẹ́ kí aráyé gbọ́, ó sì ń ti orí ìtọ́jú lọ sórí iṣẹ́. Ryan Coogler, olùdarí fíìmù náà, ti kọ ìtàn kan tí T'Challa wà nínú rẹ̀. Ó dà á nù, ó kọ òmíràn. Kevin Feige, ọ̀gá Marvel, ní ó ti yá jù láti fi ẹlòmíràn ṣe é.

Àwọn tí kò gbà ní ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀. Wọ́n ní T'Challa ti wà nínú ìwé ìtàn aláwòrán láti 1966, ó ti wà kí wọ́n tó bí Boseman. Wọ́n ní ọmọ dúdú ò ní irú ọba bẹ́ẹ̀ méjì lórí ìbòjú sinimá, kí ló dé tí ọba fi máa bá òṣèré wọ sàréè? Wọ́n tún ní ilé iṣẹ́ kan náà ti pààrọ̀ òṣèré rí: Don Cheadle gba ipa Terrence Howard ní 2010, Mark Ruffalo gba ti Edward Norton ní 2012. Nígbà tí William Hurt kú ní 2022, wọ́n fi Harrison Ford ṣe Ọ̀gágun Ross ní 2025. Ọ̀rọ̀ Ross yìí lágbára. Ohun tí mo fi ń dáhùn ni pé kò sí ẹni tó sunkún Ross. Ẹ rántí ìbẹ̀rẹ̀ Wakanda Forever, níbi tí orúkọ Marvel ti jáde láìsí orin, tí àwòrán Boseman nìkan kún inú rẹ̀. Gbogbo ìlú tún wọ funfun, wọ́n ń jó tẹ̀ lé pósí. Tí ọkùnrin mìíràn bá ti dúró síbẹ̀ tó ní òun ni T'Challa, àwọn tó ń pariwo lónìí ni wọn ì bá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́.

Ní ti pé obìnrin ló bà á jẹ́, ọ̀rọ̀ yẹn ò dúró rárá. Brie Larson ṣe Captain Marvel ní 2019, ó kọjá bílíọ̀nù kan dọ́là. Ó ṣe apá kejì ní 2023, ó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 206. Ojú kan náà, obìnrin kan náà. Kí ni owó wá sọ nípa rẹ̀?

Shuri sì ti di Black Panther nínú ìwé láti 2009, Letitia Wright tó ṣe é ò já ipò gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa gan-an ni kò yé. Ẹ kọjá Ìyámoyè, kí ẹ wọ Òmùò, ilẹ̀ Èkìtì nìyẹn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ibẹ̀, tí ọba bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa ń di adelé. Á wọ aṣọ ọkùnrin, á dé fìlà, àwọn ìjòyè á dọ̀bálẹ̀ fún un, títí ìlú á fi yan ọba tuntun. Ẹ wá wo Shuri pẹ̀lú ojú yẹn. Ó wọ ìhámọ́ra ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jáde láti gbẹ̀san ìyá rẹ̀, ó tún fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó dá ẹ̀mí Namor sí, ọba abẹ́ omi tó gbógun tì wọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọba jẹ, kò yọjú. M'Baku, olórí ẹ̀yà Jabari, ló jáde nínú ọkọ̀ òfuurufú, ó ní òun wá du oyè. Adelé ni Shuri! Wọn ò fi rọ́pò T'Challa rí, ó ń bá ilé ṣọ́ àga ni. Wright sì ṣe é bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, pẹ̀lú ìbínú tó ń gbẹ́ ẹ lójú, láìfẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ràn òun.

Àwọn yòókù, mo fọwọ́ sí wọn. Angela Bassett, tó ṣe ìyá Shuri, ni òṣèré àkọ́kọ́ tí wọ́n dárúkọ fún Oscar nítorí ipa nínú fíìmù Marvel, ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ìtẹ́ sì tó bẹ́ẹ̀. Winston Duke fi ohùn tó mú láti ọ̀dọ̀ àwọn Ígbò ṣe M'Baku, ìdí nìyẹn tó fi ń dún létí wa bí ará ilé. Riri Williams, ọmọbìnrin Amẹ́ríkà tó ń ṣe ẹ̀rọ, nìkan ni mi ò rí iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ju kó múra ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀ lọ. Tí wọ́n bá yọ ọ́, fíìmù náà á fúyẹ́.

Ibi tí mo bá àwọn tó fẹ́ T'Challa padà pàdé nìyí. Lẹ́yìn tí fíìmù náà parí, Nakia, olólùfẹ́ T'Challa, mú ọmọkùnrin kékeré kan wá bá Shuri ní Haiti. Toussaint ni wọ́n ń pè é, àmọ́ orúkọ rẹ̀ gan-an ni T'Challa, ọmọ T'Challa. Coogler ti fi àrólé sílẹ̀. Denzel Washington ti sọ pé Coogler ń kọ ipa kan fún òun nínú apá kẹta, nítorí náà ìtàn ń lọ. Àwọn kan á fẹ́ kí wọ́n fo ọdún kọjá, kí wọ́n mú ọkùnrin tó ti dàgbà wọlé lọ́la. Èmi á ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà dàgbà. Kí M'Baku jókòó sórí àga fún ìgbà díẹ̀, kí Shuri wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí a rí ọmọ yẹn níbi tó ti ń kọ́ ìjà, níbi tó ti ń bèèrè irú èèyàn tí bàbá òun jẹ́. Tí wọ́n bá wá ṣe bẹ́ẹ̀ tí owó tíkẹ́ẹ̀tì tún dín, èmi á ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.