Lẹ́tà Ọ̀rẹ́ fún Yunifásítì Amẹ́ríkà: Ọjọ́ Wo? Níbo? Kí Ló Ṣe?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀pẹ́ ni mo wà. Ariwo tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn mi yẹn, àwọn ẹlẹ́ja tó ń ti ọjà Olúwo bọ̀ ni, ẹ bá mi fara dà á.

Ìwọ tí ò ń kọ̀wé sí yunifásítì ní Amẹ́ríkà gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Lẹ́tà tí tíṣà máa kọ nípa rẹ, o ti mọ ìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣí àkáǹtì lórí Common App, ìkànnì tí wọ́n fi ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà, o ti mọ ìyẹn náà, mi ò ní fi àkókò rẹ ṣòfò. Lẹ́tà tí Ọ̀RẸ́ rẹ máa kọ ni mo gbé wá. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ rẹ, ẹgbẹ́ rẹ, ẹni tí ẹ jọ ń mu gàrí nínú abọ́ kan náà.

Kì í ṣe gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ló ń béèrè rẹ̀ o. Dartmouth College, tó wà ní Hanover ní ìpínlẹ̀ New Hampshire, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1769, máa ń rọ àwọn tó ń kọ̀wé sí wọn gidigidi pé kí wọ́n fi lẹ́tà ẹgbẹ́ wọn kan kún ìwé wọn. Ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì olókìkí 8 tí wọ́n ń pè ní Ivy League ni o, kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ kékeré. Ó ti pẹ́ tí Davidson College ní North Carolina náà ti ń gba irú lẹ́tà yìí. Àwọn mìíràn wà tí wọn ò fẹ́ ẹ rárá. Torí náà, kí o tó da ọ̀rẹ́ rẹ láàmú, lọ ka ohun tí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọ sórí ìkànnì rẹ̀.

O máa ní, kí ni wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọ bíi tèmi ṣe, nígbà tí tíṣà ti kọ tirẹ̀? Jẹ́ kí n fi ọjà Olúwo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ, ibẹ̀ ló ti yé mi.

Tí o bá wọ ìdí ẹja, gbogbo ìyá ẹlẹ́ja ló máa sọ pé ẹja òun ló dára jù. Ta ló fẹ́ bu ọjà ara rẹ̀? Àròkọ tí ìwọ fúnra rẹ kọ nìyẹn. Ẹni tó ń gba owó ìsọ̀ lè sọ fún ọ pé ìyá yìí kì í jẹ gbèsè, pé kì í pẹ́ dé ọjà. Tíṣà rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá tí ìsọ̀ tiẹ̀ kángun sí tirẹ̀, tí wọ́n jọ jókòó láti ìdájí, ìyẹn rí i nígbà tó ṣí abẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀bọ̀kún kan, tó rí i pé kò pupa mọ́, tó sì gbé e kúrò lórí àtẹ nígbà tí oníbàárà kankan ò tíì dé. Tí ìyẹn bá wá tẹ̀ síwájú díẹ̀, tó ní, "Rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ méjì kúrò lójú mi láàárọ̀ yìí," ṣé o tún máa bèèrè nǹkan kan ni? Owó lo máa yọ! Ìyá onísọ̀ kejì yẹn ni ọ̀rẹ́ rẹ. Ohun tó rí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò wò ọ́ ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, torí ìwọ àti àwọn ọmọ tí wọn ò mọ̀ ọ́ rí lẹ jọ máa gbé yàrá, tẹ́ ẹ jọ máa jẹun, fún ọdún mẹ́rin.

Ó dáa. A ti dé ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í. Àwọn ọmọ máa ń fi lẹ́tà wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n bá wọn wò ó, ohun kan náà ni mo ń kà: "Ọ̀rẹ́ mi jẹ́ ọmọlúàbí. Ó múra síṣẹ́. Ó níwà ìrẹ̀lẹ̀. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Ó mọ èèyàn darí." Ó tán! Ta ni wọ́n ń sọ? Yọ orúkọ ibẹ̀ kúrò, fi ti ẹ̀gbọ́n mi sí i, ó bá a mu. Fi ti ọmọ landlọ́ọ̀dù wa sí i, ó bá a mu. Ẹni tó jókòó sí Hanover tó ń kà á kò tíì rí ẹnikẹ́ni.

Gbọ́ mi dáadáa, mo fẹ́ pariwo báyìí: ỌJỌ́ WO? NÍBO? KÍ LÓ ṢE? Mo tún un sọ. ỌJỌ́ WO! NÍBO! KÍ LÓ ṢE! Lẹ́tà tí kò bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ọ̀rẹ́ rẹ pa á rẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Èmi náà ti kọ ọ́ rí. Ọ̀rẹ́ mi kan ló bẹ̀ mí, mo jókòó, mo kọ ojú ìwé kan gbáko, gbogbo rẹ̀ "ó dára, ó dára." Mo kà á lálẹ́, inú mi ò dùn sí i, mo ya á. Ni mo wá rántí ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. A lọ bá ìyá rẹ̀ lọ́jà, ọmọbìnrin kékeré kan wà níbẹ̀, ọmọ ìyá tó ń ta igi ìdáná, tí ìṣirò pínpín ò yé rárá. Ọ̀rẹ́ mi ò mú bírò, kò mú ìwé. Ó kó ẹja gbígbẹ 12 sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní, "Oníbàárà mẹ́ta dé, wọ́n fẹ́ pín in dọ́gba, fún wọn." Ọmọ yẹn pín in. Ó ní, "Ẹnì kẹrin dé." Ọmọ yẹn kó gbogbo rẹ̀ padà, ó tún pín in. Wákàtí kan gbáko! Ìyá ọ̀rẹ́ mi ń pariwo pé kó dá ẹja òun padà sórí àtẹ, kò dá a lóhùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ yẹn ló ń ka ṣéńjì fún ìyá rẹ̀. Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Mo tún kọ ọ́ pé ọ̀rẹ́ mi máa ń tètè bínú sí ẹni tó bá fi ọmọ tí nǹkan ò tètè yé rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni. Ìdajì ojú ìwé péré, ẹni tó bá kà á á mọ̀ ọ́n.

Ta wá ni kí o bẹ̀? Má lọ bá ẹni tí gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ dán jù. Má lọ bá olórí akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ò sọ̀rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Ẹni tó ti bá ọ jà rí, tí ẹ sì parí ẹ̀, ìyẹn gan-an ni. Dartmouth ò ní kó jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ dandan; ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ẹni tí ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa gbà á.

MÁ KỌ Ọ́ FÚN UN. Jọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o kọ ọ́, kí ọ̀rẹ́ rẹ kàn fi ránṣẹ́. Irọ́ nìyẹn, ohùn rẹ tó wà nínú àròkọ rẹ náà ni wọ́n tún máa gbọ́ níbẹ̀. Má gbé e fún ẹ̀rọ kó bá yín kọ ọ́ náà, ẹ̀rọ ò sí lọ́jà lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí o lè ṣe ni kí o ra ìpékeré, kí ẹ jókòó, kí o ní, "Ṣé o rántí ọjọ́ báyìí?" Lẹ́yìn náà, dìde níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó ń wò mí, mo bẹ̀ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ má bá wọn tún un ṣe.

Ó yá, kíá kíá báyìí. Lórí Common App, lábẹ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, wá Recommenders and FERPA. FERPA jẹ́ òfin Amẹ́ríkà ọdún 1974 tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀tọ́ láti wo àkọsílẹ̀ nípa ara rẹ̀. Wọ́n máa bi ọ́ bóyá o fẹ́ fi ẹ̀tọ́ yẹn sílẹ̀ lórí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí. Fi í sílẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé o ò ní yọjú wo ohun tóun kọ ló máa sọ òótọ́, àwọn tó ń kà á náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí o bá ti ṣe ìyẹn tán lo tó lè pe ọ̀rẹ́ rẹ sí i: mú Other Recommender, ìyẹn ẹlòmíì tó máa kọ lẹ́tà nípa rẹ, kí o mú Peer, ìyẹn ẹgbẹ́ rẹ, kí o wá kọ orúkọ rẹ̀ àti ímeèlì rẹ̀.

Ímeèlì! Dúró ná. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ wa, ímeèlì tí wọ́n fi ṣí fóònù lọ́jọ́ tí wọ́n rà á ni wọ́n ní, wọn ò rántí password rẹ̀ mọ́. Fi ímeèlì kan dán an wò kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá dáhùn, kọ ọ́. Tí kò bá rí ìpè Common App, kó wo inú spam.

Fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán. Àwọn tó ń kánjú kọ̀wé sí Dartmouth, November 1 ni tiwọn, ìyókù di ìbẹ̀rẹ̀ January. Má ronú pé wàá bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ Kérésì, nígbà tí kò ní dátà, tí iná ò sí, tí gbogbo ilé kún fún àlejò.

Dá fídíò yìí dúró báyìí. Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, PÈ É. Tó bá gbé e, nǹkan kan ṣoṣo ni kí o bi í: "Ọjọ́ wo lo rántí jù nípa mi?" Tó bá bú sẹ́rìn-ín tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, o ti rí ẹni tó máa kọ ọ́. Tó bá dákẹ́ pẹ́, ẹlòmíì ni kí o pè.