Ìjókòó ọ̀rọ̀ nínú gbólóhùn: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí ìsọ̀rí ọ̀rọ̀, ní Àgbádárìgì

Ohun tí mo bá àwọn olùkọ́ àti òbí sọ ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Màrínà, ní Àgbádárìgì, nìyí. Mo tún un kọ nítorí àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń múra ìdánwò WAEC sílẹ̀. Kí n tó dé ibí láàárọ̀ yìí, mo kọ́kọ́ yà sí ọjà Agbálàtà, mo ra àgbọn mẹ́ta. Ọ̀kan ló wà lórí tábìlì níwájú mi yìí. Òun ni a máa fi kọ́ gírámà lónìí.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ JSS, mo kọ gbólóhùn kan sójú pátákó: "Àgbọn náà tóbi." Mo ní kí wọ́n sọ ìsọ̀rí tí "tóbi" wà, ìyẹn irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni. Mo fi bírò pupa fa igi lé e, mo kọ "ọ̀rọ̀-àpèjúwe" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ yẹn ló gbà á, èmi ni mo ṣì í. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀, ìgbà tí mo sì fi máa mọ̀, ọmọ ti jáde ilé-ìwé. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí níbi gbogbo tí wọ́n bá pè mí sí.

Kí ló ṣì mí lọ́nà? Ìtumọ̀ ni mo wò. Ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ mi ti sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí, ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni. Mo gbé ìyẹn wá sínú Yorùbá láìbéèrè lọ́wọ́ Yorùbá. Gbogbo wa náà la ti kà á lórí rí: "Ọ̀rọ̀-orúkọ ni orúkọ ènìyàn, ẹranko, ibi tàbí nǹkan. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ohun tí olùwà ń ṣe." Ó dùn ún kà lórí. Ṣùgbọ́n ẹ wo àgbọn yìí. Kí ló ń ṣe tó fi tóbi? Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni. Tí a bá ní kí ọmọ máa wá ẹni tó ń ṣe nǹkan kó tó rí ọ̀rọ̀-ìṣe, kò ní rí i níbí láéláé.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ má wo ojú ọ̀rọ̀, ẹ wo ibi tó jókòó sí nínú gbólóhùn, àti àwọn tó jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹ mú "kò," "ti" àti "yóò." Àgbọn náà kò fọ́. Àgbọn náà ti fọ́. Àgbọn náà yóò fọ́. Kò sẹ́ni tó ń jiyàn pé "fọ́" jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ó yá, ẹ yọ "fọ́," ẹ fi "tóbi" sí i. Àgbọn náà kò tóbi. Àgbọn náà ti tóbi. Àgbọn náà yóò tóbi. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́. Ẹ wá gbìyànjú "ńlá": àgbọn náà kò ńlá. Ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe rẹ́rìn-ín! Etí yín ti dá a lẹ́jọ́ kí n tó ṣàlàyé. "Ńlá" kò lè jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni tirẹ̀: àgbọn ńlá náà ti fọ́. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe gan-an nìyẹn. "Tóbi" àti "ńlá" fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà ní ìtumọ̀, síbẹ̀ ìjókòó wọn yàtọ̀, ìsọ̀rí wọn sì yàtọ̀.

Ìyá tí mo ra àgbọn lọ́wọ́ wọn bẹ́ ọ̀kan lórí fún mi, wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ mu ún, omi ẹ̀ tutù." Mo mu ún, lóòótọ́ ló tutù. Ẹ wo ohun tí ìyá yẹn sọ dáadáa. "Omi ẹ̀ tutù": ọ̀rọ̀ parí, kò sóhun tí a tún ń retí. Ká ní "omi tútù" ni wọ́n sọ, mi ò bá dúró kí wọ́n parí rẹ̀: omi tútù ṣe kí ni? Omi tútù dà? Ohùn kan ṣoṣo ló yí padà lórí "tu" àkọ́kọ́, ó kúrò ní àárín, ó bọ́ sí òkè, ọ̀rọ̀-ìṣe sì di ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Bẹ́ẹ̀ náà ni "owó pọ̀" àti "owó púpọ̀," "ilé ga" àti "ilé gíga," "ọmọ kéré" àti "ọmọ kékeré." Èdè wa ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ọ̀nà náà sì hàn kedere sí ẹni tó bá fi ohùn sí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí n kì í fi fẹ́ kí olùkọ́ kankan kọ Yorùbá sójú pátákó láìfi àmì ohùn sí i.

Ẹ̀yin ará Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Ní oṣù Kínní ọdún 1845 ni Àjàyí Crowther àti Henry Townsend, àwọn míṣọ́nnárì, gúnlẹ̀ sí etíkun yín. Ọ̀nà Abẹ́òkúta kò tíì ṣí nígbà náà, àárín yín níbí ni wọ́n wà títí di 1846 kí wọ́n tó gòkè lọ. Àwọn àlejò tó bá wá ń lọ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, wọ́n ń lọ wo ibi tí wọ́n ti kó ẹrú kọjá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé Crowther tó gúnlẹ̀ yẹn ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843, pẹ̀lú àlàyé gírámà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì tún gbé gírámà tó kún ju ti àkọ́kọ́ lọ jáde ní 1852. Iṣẹ́ akin ni. Síbẹ̀, ìsọ̀rí ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ń lò fún èdè tiwọn ló wà nílẹ̀ nígbà náà, inú rẹ̀ ni wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ wa sí. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn onímọ̀ èdè wa bíi Ayọ̀ Bámgbóṣé, tí ìwé gírámà rẹ̀ jáde ní 1966, àti Ọládélé Awóbùlúyì, tí tirẹ̀ jáde ní 1978, tó jókòó ti gbólóhùn Yorùbá fúnra rẹ̀, tí wọ́n bi í pé: ìwọ gan-an, báwo lo ṣe ń ṣe é?

Ká padà sórí àgbọn. Ẹ bá mi ka gbólóhùn méjì yìí: "Àgbọn wà nínú agbọ̀n. Agbọ́n ta mí ní àgbọ̀n." Èyí tí à ń jẹ, èyí tí à ń kó ẹrù sí, kòkòrò tó ń ta ni, àti ibi tí irùngbọ̀n ń hù sí. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí ló fi wọ́n hàn? Méjì jókòó síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, wọ́n ń ṣe olùwà. Méjì tó kù tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-atọ́kùn, "nínú" àti "ní." Ẹ tún lè sọ pé "mo ra àgbọn," níbi tó ti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀-ìṣe, tó ń ṣe àbọ̀. Ibi mẹ́ta yẹn ni ilé ọ̀rọ̀-orúkọ. "Ìbànújẹ́" kì í ṣe ènìyàn, kì í ṣe ẹranko, kì í ṣe ibi, ẹ ò sì lè fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ó lè jókòó síbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀-orúkọ sì ni.

Àmì mìíràn wà tí ọmọdé lè fi mọ̀ ọ́n kíákíá. Kọ́ńsónáǹtì ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe wa: tà, rà, bẹ́, gbé, sùn, dára. Fáwẹ̀lì ló ń bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀-orúkọ wa: ọjà, ìyá, ẹja, omi, owó. Púpọ̀ nínú àwọn tí kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a yá, bíi tábìlì àti bírò. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni a ti ṣẹ̀dá wọn: títà, rírà, lílọ. Ẹ fi "a" síwájú "pa ẹja," ẹ ti rí apẹja. Ẹ fi "oní" síwájú ẹja, ó di ẹlẹ́ja. Síwájú àgbọn, alágbọn. Síwájú ọkọ̀, ọlọ́kọ̀. Síwájú ọ̀rọ̀ tí "i" bẹ̀rẹ̀, bíi igi, "oní" ń dúró bó ṣe wà: onígi. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ fẹ́ràn gírámà, kó mú un lọ sí etí ọ̀sà yìí lọ́jọ́ ọjà, kó ní kó máa ka iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀. "Mo" àti "èmi" kì í ṣe ọ̀kan náà. Tí wọ́n bá bi mí pé ta ló ra àgbọn, "èmi ni" ni mo máa fèsì, kò sẹ́ni tó ń sọ pé "mo ni." A ń sọ pé "èmi àti ìwọ," a kì í sọ pé "mo àti o." Èmi, ìwọ, òun, àwa, ẹ̀yin, àwọn ń ṣe bí ọ̀rọ̀-orúkọ gẹ́lẹ́, ìdí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní arọ́pò-afarajorúkọ nìyẹn. Mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n ni arọ́pò-orúkọ tòótọ́. Ẹ tún kíyè sí i pé gírámà wa mọ àgbà: ìyá alágbọn jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n "wọ́n" ni mò ń pè wọ́n láti àárọ̀. Ọmọ tó bá kọ "ó" fún ìyá rẹ̀ nínú àròkọ, ká má fi igi fà á nìkan, ká ṣàlàyé fún un.

Tó bá wá di ipò àbọ̀, ẹ̀dà fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe ni "ó" ń dà: mo rí i, mo jẹ ẹ́, mo rà á. Bí ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe bá wà lókè, ti arọ́pò-orúkọ á wà láàárín. Bí kò bá sí lókè, ti arọ́pò-orúkọ á lọ sókè. Ẹ sì jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni. Ẹ fi àyè sáàárín wọn. Mo ń rí "rii" àti "jẹẹ" lórí Facebook lójoojúmọ́, ó ń dùn mí.

Ẹ gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ìyá ní àwọn ní àgbọn ní ọjà." Bí a bá ń sọ ọ́ lẹ́nu, ó di "ìyá láwọn lágbọn lọ́jà." "Ní" mélòó ló wà níbẹ̀? Mẹ́ta, ohùn kan náà, lẹ́tà kan náà. Ti àkọ́kọ́ ń sọ ohun tí ìyá wí. Ti ìkejì ń sọ ohun tí wọ́n ní lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni méjèèjì. Ti ìkẹta ló ń tọ́ka ibi tí nǹkan wà, ọ̀rọ̀-atọ́kùn sì ni. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ "ní" sí pátákó lásán, tó ní kí ọmọ sọ ìsọ̀rí rẹ̀, ìbéèrè yẹn kò ní ìdáhùn. Ẹ fún ọmọ ní gbólóhùn.

Ní ti ọ̀rọ̀-àsopọ̀, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ: "àti" kì í so gbólóhùn pọ̀. "Mo ra àgbọn àti mo jẹ ẹ́" kì í ṣe Yorùbá. "Mo ra àgbọn, mo sì jẹ ẹ́" ni, tàbí ká kàn to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé ara wọn: "mo ra àgbọn jẹ." Ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, èyí tó ń fi kún ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, náà sì mọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń bá rìn. Agbọ̀n kún fọ́fọ́, igi àgbọn ga fíofío, ilé mọ́ tónítóní. Ẹ pààrọ̀ wọn wò, kí ẹ gbọ́ bí yóò ṣe dún.

Òbí kan béèrè bóyá èdè Ògù tí wọ́n ń sọ nílé ló ń ṣì ọmọ wọn lọ́nà nínú Yorùbá. Mo ní rárá. Nínú Ògù náà, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-orúkọ ni ọ̀rọ̀ tó ń yán an ń dúró sí, bíi ti Yorùbá. Ọmọ tó gbọ́ Ògù ti mọ ọ̀nà ilé. Ẹ má gba èdè yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá kan tí wọ́n ń ta ẹja ló béèrè ìbéèrè ìkẹyìn. Wọ́n ní, "Tíṣà, 'kú' tó wà nínú 'ẹ kú ọjà,' kí ni wọ́n ń pè é? Kò kúkú sẹ́ni tó kú."

Mo ní kí gbogbo wa jọ wò ó. Ta ló jókòó síwájú rẹ̀? "Ẹ" ni. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ ẹni, "o kú ọjà." Bó bá jẹ́ gbogbo wa, "a kú ọjà." Arọ́pò-orúkọ ló ń pààrọ̀ níbẹ̀, olùwà ni. Ta ló tẹ̀ lé e? Ọjà, iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́, ewu. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni gbogbo wọn. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan ní, "Ṣùgbọ́n sà, kò gba 'kò.' A kì í sọ pé 'ẹ kò kú ọjà.'" Inú mi dùn sí i, torí ó ti dán an wò fúnra rẹ̀. Mo ní "àgbọn dà?" náà kò gba "kò," ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni "dà." Níbi tí "kò" kò bá ti lè wọlé, àwọn tó jókòó tì í ni kí ẹ bi.

Ìyá náà kò wo ojú mi mọ́. Wọ́n ti yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń fi ìka kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ kú ìjókòó. O kú ìjókòó. A kú ìjókòó."