Bí A Ṣe Ń Rin Ọ̀nà Fódà Tó Gùn Nínú Èdè C

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni mo ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ ètò kọ̀ǹpútà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò lè wá, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá síbí, ẹ kú ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àṣìṣe tèmi. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo kọ ètò kékeré kan ní èdè C tí yóò ṣe àdàkọ àwọn oríkì tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà, láti inú kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn. Ẹni tó kó àwọn fáìlì náà jọ kì í fi àmì ohùn ṣeré: ìlú, agbolé, orúkọ ẹni tó ki oríkì náà, gbogbo rẹ̀ ló kọ sára fódà àti fáìlì ní pípé. Èmi ní tèmi la àyè báìtì 256 (báìtì ni ìwọ̀n kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà) sílẹ̀ fún ipa ọ̀nà, ìyẹn orúkọ àwọn fódà tí a tò títí dé orí fáìlì, ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń lọ, mo fi snprintf, iṣẹ́ C tó ń to ọ̀rọ̀ sínú àyè tí a díwọ̀n, so àwọn orúkọ náà pọ̀, n kò sì wo iye tí snprintf dá padà, èyí tó ń sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó. Ètò náà parí láìráhùn. Nígbà tí a ṣí fódà tí a kó wọn sí, fáìlì kan ṣoṣo la bá níbi tó yẹ kí ogún wà, nítorí pé ipa ọ̀nà àwọn ogún náà jọra títí dé báìtì 255, snprintf gé ìyókù dànù, èyí tó ń bọ̀ sì ń pa èyí tó ṣáájú rẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà “Ìjẹ̀bú”. Lẹ́tà márùn-ún ni ojú wa rí, ṣùgbọ́n báìtì 11 ni ní UTF-8, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà sílẹ̀: Ì gba 2, j gba 1, ẹ̀ nìkan gba 5, b gba 1, ú sì gba 2. Bí ètò tí a fi tẹ̀ ẹ́ bá ya àmì kúrò lára lẹ́tà, ó di 13, Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, yóò sì ka méjèèjì sí orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Báìtì 255 ni ext4, ìlànà tí Linux sábà fi ń to fáìlì sórí dísìkì, gbà fún orúkọ kan ṣoṣo; bí a bá fi “ọ́” nìkan kún un, 51 péré ló máa gbà. Ẹni tó ń fi èdè wa sọ fáìlì lórúkọ yóò kan ògiri yìí ṣáájú ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá gan-an.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á fi PATH_MAX, òdiwọ̀n ipa ọ̀nà tí ètò C máa ń lò, rọ́pò 256, wọ́n á sì sùn. Lórí Linux, 4096 ni PATH_MAX, báìtì òdo tó ń parí ọ̀rọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Lórí macOS, 1024 ni. MAX_PATH ti Windows jẹ́ 260. GNU Hurd, ètò mìíràn tó ń darí kọ̀ǹpútà, kò tilẹ̀ ní PATH_MAX rárá. Bí ẹ bá sì bi pathconf, iṣẹ́ tó ń sọ òdiwọ̀n, ó lè dá -1 padà láìfọwọ́ kan errno (ibi tí C ń kọ nọ́ńbà àṣìṣe sí), èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí òdiwọ̀n kan pàtó.

PATH_MAX kì í ṣe gígùn ọ̀nà. Ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí kernel, ọkàn Linux, lè gbà lẹ́nu wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ẹ dán an wò lálẹ́ òní: ẹ ṣẹ̀dá fódà tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ báìtì 200, ẹ fi chdir wọ inú rẹ̀, ẹ ṣẹ̀dá irú rẹ̀ mìíràn, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọgbọ̀n. Kernel kò ní kọ̀ fún yín, ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ dé yóò sì jìn ju báìtì 6000 lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá to gbogbo orúkọ náà pọ̀ fún open, iṣẹ́ tó ń ṣí fáìlì, ENAMETOOLONG (“orúkọ gùn jù”) ni yóò fi dá yín lóhùn. Fódà náà wà. Àpèjúwe yín ló gùn jù.

Bí àlejò bá ń wá agbolé kan ní Ṣàgámù, a kì í ka gbogbo ọ̀nà fún un láti Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ìlú tó kó ara wọn jọ ló di Ṣàgámù, nítorí náà a ó ní kó dé Mákùn tàbí Ọ̀fin ná, kó sì béèrè èyí tó kù níbẹ̀. Iṣẹ́ tí openat ń ṣe gan-an nìyẹn. Ó wọ Linux ní ọdún 2006, POSIX, ìlànà àjọlò fún irú ètò bẹ́ẹ̀, sì gbà á wọlé ní 2008, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mkdirat, unlinkat àti fstatat. A ó di fódà tí a dé mú pẹ̀lú nọ́ńbà tí kernel fún wa, a ó sì dárúkọ èyí tó tẹ̀ lé e nìkan (eyi_to_kan ló ń mú orúkọ tó kàn wá):

int baba = open("/", O_RDONLY | O_DIRECTORY);
while (baba >= 0 && (oruko = eyi_to_kan()) != NULL) {
    int omo = openat(baba, oruko, O_RDONLY | O_DIRECTORY | O_NOFOLLOW);
    int asise = errno;
    close(baba);
    errno = asise;
    baba = omo;
}

Nínú ìrìn yìí, ọ̀nà ìbáà gùn tó báwo, fódà méjì péré ló ń ṣí papọ̀, kò sì sí àyè kankan tí a ní láti díwọ̀n. O_NOFOLLOW ń dènà ẹni tó bá fẹ́ fi symlink, fáìlì tó kàn ń tọ́ka síbòmíràn, rọ́pò fódà lójú ọ̀nà. Ẹ má sọ pé chdir náà tó: gbogbo ètò ni chdir ń ṣí nípò, bí ètò yín bá sì ní thread (ọ̀wọ́ iṣẹ́ tó ń lọ papọ̀) méjì, èkejì yóò ṣàdédé bá ara rẹ̀ nílé onílé.

Ìpadàbọ̀ ló le. Ẹni tó ń pa igi fódà rẹ́ gbọ́dọ̀ padà sókè, bó bá sì di gbogbo bàbá mú títí, yóò kan òdiwọ̀n fáìlì ṣíṣí, tó sábà máa ń jẹ́ 1024. Kí ó pa wọ́n dé, kí ó fi openat ṣí “..” nígbà tó bá ń bọ̀, kí ó sì fi fstat yẹ st_dev àti st_ino (nọ́ńbà dísìkì àti nọ́ńbà fódà náà) wò bóyá bàbá tó fi sílẹ̀ náà ni, nítorí ẹlòmíràn lè ti ṣí fódà náà nípò láàárín kan. fts, àkójọ iṣẹ́ C fún rírin igi fódà, ń ṣe irú àyẹ̀wò yìí, òun sì ni rm ti GNU, àṣẹ tó ń pa fáìlì rẹ́, ń lò.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀nà gígùn kò lè dé ọ̀dọ̀ òun, kí ó gbọ́ èyí. Ní oṣù Keje ọdún 2021, ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà Qualys kéde àbùkù kan nínú kernel Linux fúnra rẹ̀, wọ́n pè é ní Sequoia. Ẹni tí kò ní àṣẹ kankan yóò to fódà sínú fódà títí ipa ọ̀nà yóò fi ju gígábáìtì kan lọ. Ibì kan nínú kernel fi int, àyè nọ́ńbà tó kéré, gba iye tó wà nínú size_t, èyí tó tóbi jù ú lọ, iye náà yí padà di òdì, ẹni náà sì di root, ọ̀gá kọ̀ǹpútà náà. Àwọn tó kọ kernel ni mo ń sọ o, kì í ṣe èmi oní-256.

Ọ̀dọ́bìnrin kan bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, bí n kò bá to ipa ọ̀nà náà pọ̀ mọ́, kí ni màá kọ sínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe?” Ìbéèrè gidi ni. Kíka /proc/self/fd, ibi tí Linux ti ń sọ ipa ọ̀nà fáìlì tó ṣí, pẹ̀lú readlink kò ní gbà yín, nítorí òun náà yóò kọ̀ bí ọ̀nà bá ti gùn jù. Ẹ máa to orúkọ pọ̀ bí ẹ ṣe ń rìn, nínú mẹ́mọ́rì tí realloc ń fẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá realloc dá NULL padà. Ojú ènìyàn nìkan ni kí ẹ fi ọ̀rọ̀ gígùn yẹn hàn. Ẹ má ṣe gbé e fún open láé.