Ẹ Wo Ìdérí Àpótí Yẹn

Ẹ wo èyí tó wà nínú àpótí gíláàsì yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ yín á ní ọ̀kùn ni. Kì í ṣe ọ̀kùn o. Ọ̀kùn ń rọra rìn ni, tí ọwọ́ bá kàn án, á ká jọ. Tanísánkò lèyí: ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, eré rẹ̀ le, ó sì ní oró.

Àwọn kan ń sìn ín nínú ilé, ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà pàápàá. Àwọn ńláńlá tí onímọ̀ ń pè ní Scolopendra ni wọ́n ń wá. Ọ̀kan nínú wọn, Scolopendra gigantea ti Gúúsù Amẹ́ríkà, lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, gígùn rúlà ọmọ iléèwé. Nínú ihò àpáta ní Fẹnẹsúẹ́là, wọ́n ti rí i tó ń mú àdán jẹ.

Kì í ṣe eyín ló fi ń ṣe é. Ẹsẹ̀ méjì tó wà lábẹ́ orí rẹ̀ ló di ìwọ̀ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, ibẹ̀ ni oró ń gbà jáde. Bó bá ta èèyàn, á máa jó o bí iná, ojú ibẹ̀ á wú. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le sábà máa ń bọ́ níbẹ̀. Ọmọdé ńkọ́? Ìròyìn oníṣègùn kan lọ́dún 1923 sọ nípa ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 ní Philippines tí tanísánkò ta lórí. Lẹ́yìn wákàtí 29, ó kú. Scolopendra subspinipes ni wọ́n ní ó ta á, irú èyí tí wọ́n ṣì ń tà fún àwọn tó fẹ́ sìn ín lónìí.

Ìdérí àpótí ló ń bà mí lẹ́rù ju oró lọ. Ara pẹlẹbẹ yẹn lè gba àlàfo tí ẹ ò kà sí. Òru ló ń rìn. Ara rẹ̀ tètè ń gbẹ, nítorí náà bó bá jáde, ibi tó tutù tó sì ṣókùnkùn ló ń wá: inú bàtà, abẹ́ ẹní, àárín aṣọ tí ẹ kó jọ sílẹ̀. Ẹni tó rà á mọ̀ pé ó wà nílé. Ọmọ tó ń rá kò mọ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé tòun ti mojú òun. Ajá ló ń mọ olówó rẹ̀. Èyí tó ń rìn lọ́wọ́ ẹni jẹ́ẹ́ nínú fídíò, kò tíì rídìí tí yóò fi ta á ni.

Bó bá ta èèyàn, ẹ fọ ojú ibẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, kẹ́ ẹ sì rì í sínú omi gbígbóná tí ara lè gbà. Bó bá jẹ́ ọmọdé, tàbí tí èémí bá ń ṣòro, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Kò sí abẹ́rẹ́ apa-oró fún un bíi ti ejò.

Ẹni tó ti ní in ńkọ́? Ẹ má dà á sígbó ìlú onílùú. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n sìn, tí kò ní ọmọ kékeré nílé, kẹ́ ẹ gbé e fún un. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ti ìdérí yẹn ní kọ́kọ́rọ́ lálẹ́ òní.